Agolo Òfìfo Lọ́wọ́ Ọmọ

Àwọn fọ́tò náà kò tóbi. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n kó fọ́tò Don McCullin, onífọ́tò ogun ará Britain, tó lé ní 250 jọ sí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Tate Britain, létí odò Thames nílùú Lọ́ńdọ̀nù, á ti máa retí àwòrán gàgàrà tó gba ògiri tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ìwé ìròyìn tí èèyàn tẹ́ sórí itan lọ. Dúdú àti funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, lára ògiri tí wọ́n kùn láwọ̀ eérú. Èèyàn kò lè dúró sókèèrè wò wọ́n. O ní láti sún mọ́ wọn, kí o tẹ orí síwájú díẹ̀, kí ojú rẹ àti ojú ẹni tó wà nínú fọ́tò wá ṣe mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí a lọ, nínú oṣù kẹrin ọdún 2019, èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pariwo.

McCullin fúnra rẹ̀ ló fọ gbogbo fọ́tò náà. Ọmọ ọdún 83 ni nígbà àfihàn yìí, ó sì ṣì ń wọ yàrá òkùnkùn ilé rẹ̀ ní Somerset lọ fọ fọ́tò, bí àwọn onífọ́tò wa nílé ti í ṣe kí kámẹ́rà ayé òde òní tó dé. Iná á gba ara fíìmù kọjá bọ́ sórí pépà. Ibi tí onífọ́tò bá fi ọwọ́ ṣíji bò á mọ́lẹ̀, ibi tó bá jẹ́ kí iná pẹ́ lé lórí á dúdú. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń pinnu bóyá ojú ọ̀run máa jẹ́ ojú ọ̀run lásán tàbí ohun tó fẹ́ wó lu èèyàn mọ́lẹ̀. McCullin fẹ́ kó dúdú. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kámẹ́rà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, pé ẹni tó dì í mú kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Ẹni tó bá ti wo ojú ọ̀run inú fọ́tò McCullin kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí iṣẹ́ agbẹ́gilére ti jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin la jọ lọ. Ọmọ ọdún 16 ni, kàtúùnù ló sì ń yà: lórí tábílẹ́ẹ̀tì, àwòrán kan á tẹ̀ lé òmíràn, títí ọwọ́ á fi gbé sókè, tí ojú á fi ṣẹ́. Férémù 24 ló ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nínú fíìmù. Mo ti rí i tó lo ọ̀sán Sátidé gbáko torí kí ọmọdébìnrin kan lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn. Ìdí tí mo fi mú un dání ni ìbéèrè kan tó ti ń bi mí léraléra. Ó ní kí ló dé tí òun fi máa ń sunkún lórí ọmọ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà, ọmọ tí kò sí níbì kankan láyé, nígbà tí ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ń fi ọmọ gidi hàn tí omijé kò sì lé sójú òun? Kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ le. Ohun tó ń dà á láàmú gan-an ni. N kò rí èsì gidi fún un, mo bá ní ká lọ wò ó níbi tí fọ́tò ti pọ̀.

Yàrá àkọ́kọ́ fi ibi tí McCullin ti wá hàn wá. Finsbury Park ni, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, àdúgbò àwọn tálákà nígbà náà. Fọ́tò àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà níbẹ̀ tó yà lọ́dún 1958. Ẹgbẹ́ àdúgbò ni wọ́n, wọ́n wọ kóòtù ọjọ́ ìsinmi, wọ́n dúró káàkiri inú ilé tó ti di àlàpà, tí ògiri rẹ̀ ti lọ, tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ hàn síta gbangba. Nígbà tí wọ́n pa ọlọ́pàá kan ládùúgbò yẹn, ìwé ìròyìn Observer gbé fọ́tò náà jáde lọ́dún 1959, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. A kò pẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe kọjá àwọn fọ́tò Berlin ọdún 1961.

Cyprus ló dá wa dúró. Lọ́dún 1964, nígbà tí àwọn ẹ̀yà Gíríìkì àti ẹ̀yà Tọ́kì ń pa ara wọn ní erékùṣù náà, McCullin ya obìnrin kan tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, ó ń ké, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Níwájú rẹ̀, ọmọkùnrin kékeré kan ń na ọwọ́ sí i. Fọ́tò yẹn gba ẹ̀bùn World Press Photo.

"Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ ọmọ yẹn," ni ọmọ mi wí. Ó ní kéèyàn yọ ọwọ́ ọmọ náà kúrò, obìnrin tó ń sunkún nìkan ló máa kù, gbogbo wa la sì ti rí obìnrin tó ń sunkún rí. Ó ní òun ì bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ yẹn ká ní òun lòun fẹ́ yà á, kí òun tó wá lọ sí ojú. Nígbà tó ń sọ èyí, ó ti ń fi ìka tirẹ̀ ya ọ̀nà tí ọwọ́ ọmọ náà máa gbà sínú afẹ́fẹ́. Èmi tí mo ti kọjú sí ojú obìnrin náà láti ìgbà tí a dé ibẹ̀, mo wá padà wo ọwọ́ ọmọ náà dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn la dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Mo ti mọ̀ kí a tó wọlé pé Biafra wà níbẹ̀. Ogun abẹ́lé Nàìjíríà ni, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1967, tó parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970. Ó wù wá láti máa sọ ọ́ bíi pé ogun àwọn ẹlòmíràn ni, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa wà nínú rẹ̀ bámúbámú. Benjamin Adékúnlé, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló kó àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó gba Port Harcourt lọ́dún 1968. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ogun náà parí sí. Wọlé Ṣóyínká tó lọ bá Ojúkwu, olórí Biafra, sọ̀rọ̀ pé kí ogun má ràn, ẹ̀wọ̀n ni ìjọba Gowon jù ú sí. Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, ọmọ tó bá ti tín-ín-rín jù, "Biafra" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Orúkọ yẹn ti di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ tí kò rí fọ́tò kankan rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú àwọn fọ́tò Biafra náà, èyí tó wà lápá òsì ni ti ìyá kan tó ń fún ọmọ lọ́mú. Ọmú náà ti gbẹ pátápátá, ọmọ ṣì so ẹnu mọ́ ọn. Ìyá kò wo ọmọ, ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ló ń wò, èmi tí mo dúró níwájú rẹ̀ náà ló sì ń wò. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò ni pé ọmọ ọdún 24 ni ìyá náà. Mo tún un kà. Arúgbó ni ojú mi rí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọkùnrin àfín kan. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni Ọbàtálá ni àfín, àwọn àgbà kì í sì í fẹ́ ká fi ọmọ Òrìṣà ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ yìí kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. McCullin kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé ilé ìwé kan tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn ni òun ti bá a, láàárín 800 ọmọ tí ogun ti sọ di òrukàn, ó sì ní àwọn ọmọ tí ebi ń pa bíi tirẹ̀ gan-an ṣì ń ta á nù, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú fọ́tò náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ó ṣòro láti gbà pé òun ló gbé e dúró. Orí rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Agolo ẹran màlúù kan ló dì mú lọ́wọ́, irú èyí tó máa ń ti ilẹ̀ Faransé wá, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí fara balẹ̀ sórí agolo yẹn. Kò tà á nù. Ó ti jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán, tàbí kẹ̀ ó bá a lófìfo, síbẹ̀ ó dì í mú bí ohun ìní. Ebi kò ṣeé yà ní fọ́tò. Èèyàn lè ya egungun, ó lè ya ikùn tó wú, ṣùgbọ́n ohun tí ebi ń ṣe sínú ọmọ, ìrètí tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ yẹn, inú agolo ni mo ti rí i. McCullin ní òun gbìyànjú láti má wo ọmọ náà, òun lọ sí apá ibòmíràn, ó ṣe díẹ̀, òun wá rí i pé ọwọ́ kan ti wọ inú ọwọ́ òun. Ọmọ àfín náà ló ti rìn tọ̀ ọ́ wá. McCullin tọwọ́ bọ àpò, ó rí súìtì kan, ó fi sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó rọra tú bébà ara rẹ̀, ó ń lá a, ó sì ń wò ó.

"Mọ́mì," ni ọmọ mi wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Agolo Setsuko nìyẹn."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Nígbà ọdún Kérésì tó ṣáájú ọjọ́ yẹn, a jókòó wo fíìmù kan tí àwọn ará Japan fi ọwọ́ yà, Grave of the Fireflies. Isao Takahata ló darí rẹ̀ ní Studio Ghibli, ọdún 1988 ló sì jáde. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì ló wà nínú rẹ̀, Seita ọmọ ọdún 14 àti Setsuko ọmọ ọdún mẹ́rin. Bọ́ǹbù oníná àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà jó ìlú Kobe lọ́dún 1945, ó pa ìyá wọn. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan, oúnjẹ di ìjà, wọ́n bá kó jáde lọ máa gbé nínú ihò létí omi. Tanátaná ni wọ́n ń lò ní fìtílà. Nígbà tó yá, ebi pa Setsuko kú. Kò sí àṣírí kankan nínú ìtàn yìí; láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn ọmọ méjèèjì ti kú.

Setsuko ní agolo súìtì kan, Sakuma Drops. Bí súìtì ṣe ń dín kù nínú rẹ̀ la fi ń mọ bí ayé wọn ṣe ń dín kù. Á mi agolo létí, á gbọ́ kóró kan tó ń lu ara rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Nígbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, Seita bu omi sí i, ó mì í, ó fún un mu, Setsuko sì ń dárúkọ èso oríṣiríṣi tó ń tọ́ wò nínú omi yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ara rẹ̀ ti gbẹ tán, ó fi kóró gíláàsì pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré sẹ́nu, ó rò pé súìtì ni. Eérú ara rẹ̀ ni wọ́n padà kó sínú agolo náà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ara mi ló bù máṣọ. Súìtì kan, agolo kan, ọmọ kan tí ebi ń pa, ní Japan àti ní Biafra, ẹnìkan fi kámẹ́rà mú un, ẹnìkan darí àwọn tó fi pẹ́ńsù yà á, wọn kò sì mọ ara wọn. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó, mo rí i pé oṣù kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, oṣù kẹwàá ọdún 1935. Ogun kan náà ló bá àwọn méjèèjì ní kékeré. Wọ́n kó McCullin kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Somerset torí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì. Takahata sá nínú iná ìlú Okayama nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, láìwọ bàtà. Akiyuki Nosaka tó kọ ìtàn tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ́wọ́ ebi lọ́dún 1945. Ọdún 1967 ló gbé ìtàn náà jáde, ọdún kan náà tí ogun tiwa bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń sọ.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà láàárín yàrá. Mo bi í pé ta ló sunkún fún jù nínú àwọn ọmọ méjèèjì. Ó ní Setsuko ni, ojú sì tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó má jẹ́ kí ojú tì í. Setsuko, a bá a gbé fún wákàtí kan àbọ̀. A rí i létí òkun níbi tó ti ń lé akàn. A rí i níbi tó ti ń fo sókè mú tanátaná, tó fi ọwọ́ líle pa ọ̀kan láìmọ̀. Ọmọ kékeré gidi ni wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, Ayano Shiraishi, kí àwọn ayàwòrán tó ya ẹnu Setsuko tẹ̀ lé ohùn náà. Ìdí nìyẹn tí èémí rẹ̀ fi máa ń já lójijì bí ti ọmọ tó ń bínú. Ìlà dúdú ni wọ́n sábà fi ń yí ara èèyàn ká nínú kàtúùnù, ṣùgbọ́n ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ ni Takahata ní kí wọ́n lò nínú èyí, kí ara má le, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ máa rọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀. Àwọn tó ya Setsuko wo ọmọdé dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. A mọ̀ ọ́n kó tó kú.

Ọmọ àfín yìí ńkọ́? Ìgbà tí ìyà ti dé góńgó la tó pàdé rẹ̀. A kò bá a ṣeré, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, a kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ìwọ̀nba ohun tí fọ́tò lè fún wa nìyẹn, ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kàtúùnù kò lè ní láéláé. Agolo yẹn wà. Ọmọ yẹn dì í mú. Ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ ló wọ inú kámẹ́rà lọ kọ ara rẹ̀ sórí fíìmù, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú ọwọ́ ẹni tó yà á. Tí a bá wo Setsuko, a lè pa tẹlifíṣọ̀n ká ní eré ni. Níwájú fọ́tò yìí, kò sí ibi tí èèyàn máa gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà. Ẹ̀kún tí ọmọ mi sun fún Setsuko kọ́ ọ ní bó ṣe máa wo ọmọ àfín. Ká ní kò rí agolo inú fíìmù ni, ì bá ti kọjá lára agolo inú fọ́tò. N kò rò pé èyí já sí àléébù fún un. Ohun tí iṣẹ́ ọnà wà fún nìyẹn.

Ìyókù àfihàn náà, n kò ní sọ gbogbo rẹ̀. Ní Vietnam lọ́dún 1968, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan jókòó ní ìlú Hue, ó fọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú, ojú rẹ̀ ń wo ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí. McCullin yà á léraléra, ọmọ ogun náà kò sẹ́jú. Nítòsí rẹ̀ ni òkú ọmọ ogun Vietnam kan, àwọn ohun ìní rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, àwọn fọ́tò ẹbí rẹ̀ àti ọta ìbọn. McCullin sọ ọ́ gbangba pé òun ló to àwọn nǹkan yẹn bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń jí ẹrù òkú náà, ó sì fẹ́ kí ọkùnrin náà ní ẹnìkan tó máa gbẹnu sọ fún un. Àwọn kan bá a wí fún un. Èmi kò bá a wí. Ó fara hàn pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò purọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun ìní òkú náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

Ní Spitalfields, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà tí a dúró sí, ó ya ará Ireland kan tí kò nílé lórí lọ́dún 1970. Irun rẹ̀ ti dì, èérí ti wọ inú awọ ojú rẹ̀, ó sì ń wo wá láìbẹ̀rù. Nínú gíláàsì kan ni wọ́n tọ́jú kámẹ́rà Nikon tí ọta ìbọn bà ní Cambodia sí. Àwọn ọmọdé pọ̀ sídìí ìyẹn, ó sì yé mi.

Ibi tí mo tún ti dúró pẹ́ ni ibi tí wọ́n ti fi ojú ewé ìwé ìròyìn Sunday Times hàn, bí àwọn fọ́tò wọ̀nyí ṣe kọ́kọ́ dé ọwọ́ aráàlú. Kì í ṣe orí ògiri eérú ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn. Nínú ilé ni, lówùrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, pẹ̀lú tíì àti búrẹ́dì, tí ìpolówó ọjà sì wà nínú ìwé kan náà. Irú fọ́tò báyìí ló mú kí owó àti oúnjẹ máa rọ́ lọ sí Biafra. Ọkọ̀ òfuurufú àwọn ìjọ Ọlọ́run ń gbéra ní São Tomé lóru, wọ́n ń balẹ̀ sí Uli láìtan iná. Àwọn dókítà Faransé tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà lára àwọn tó dá Médecins Sans Frontières sílẹ̀ lọ́dún 1971. Fọ́tò ṣe iṣẹ́ gidi, n kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ pé kò ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan, ó sì ń dùn mí. Wo ọmọ àfín yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, o kò ní rí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyà rẹ̀ àti egungun rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó fà á kò sí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀dá ni, pé bí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe rí nìyẹn. Láti ìgbà yẹn wá, ọmọ dúdú tí ikùn rẹ̀ wú ti di àmì tí wọ́n fi ń tọrọ owó, wọ́n sì ti lò ó débi pé ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìbéèrè ọmọ mi nípa tẹlifíṣọ̀n ti wá. McCullin alára mọ ìṣòro yìí, torí ó fi ọ̀kan nínú fọ́tò Biafra rẹ̀ ṣe pósítà tó sọ fún àwọn ará Britain pé ìjọba wọn ló wà lẹ́yìn ogun náà, àti pé aráàlú lè dá a dúró. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ ní láti tẹ̀ lé ojú yẹn.

Tí mo bá ní kí n mú fọ́tò kan tí ìdí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ gan-an, ti ọmọ wa ni màá mú, Akíntúndé Akínlẹ́yẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2006, páìpù epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá l'Ékòó, èèyàn tó lé ní 250 ló kú. Akínlẹ́yẹ ya ọkùnrin kan tó ń fi omi fọ èéfín kúrò lójú, èéfín náà sì ṣì ń rú lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn World Press Photo, lọ́dún 2007. Òkú kọ́ ni fọ́tò yìí dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkú pọ̀ níbẹ̀. Ó ya ẹni tó wà láàyè, ohun tó ń ṣe, àti ohun tó fà á, nínú férémù kan ṣoṣo. Èèyàn á wò ó, á sì béèrè lójú ẹsẹ̀ pé kí ló dé tí epo fi ń kọjá lábẹ́ ilé àwọn tí kò ní epo.

Yàrá tó kẹ́yìn jẹ́ ti pápá Somerset, igi àti omi àti òjò dídì, kò sí èèyàn kankan nínú wọn. Ó ní òun ń ya ilẹ̀ báyìí kí ọkàn òun lè sinmi. Òjò ṣì ṣú lójú ọ̀run ibẹ̀ pẹ̀lú.

A fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá Vauxhall, a wọ bọ́ọ̀sì 36 lọ sí Peckham. Kò tíì dé Kennington tí ọmọ mi fi béèrè.

"Mọ́mì, ta ló dá oúnjẹ dúró?"

Mo sọ fún un. Mo ní ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ló ti ojú omi àti ojú ọ̀nà, kí ohunkóhun má wọlé. Mo ní ìjọba Harold Wilson ní Lọ́ńdọ̀nù ń ta ìbọn fún wọn. Mo ní Ojúkwu náà kò gbà kí wọ́n gba orí ilẹ̀ gbé oúnjẹ wọ inú Biafra láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Ó kù ẹnìkan, mo sì dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀, nítorí fọ́tò rẹ̀ wà ní pálọ̀ bàbá mi títí di òní. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba lọ́dún 1983 pé òun wà lára àwọn tó ní kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, ó ní àwọn ọmọ ogun ló ń dènà de oúnjẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọdé, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo sọ àwíjàre rẹ̀ fún un bó ṣe sọ ọ́. Mo tún sọ fún un pé àwọn ọmọ tó kú kò gbé ìbọn.

Ọmọ mi ti gbé tábílẹ́ẹ̀tì jáde. Ó ní òun mọ ohun tí òun fẹ́ yà báyìí, pé kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ rárá. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun, nínú ọkọ̀ tó kó pánlá àti mílíìkì, tí wọ́n ní kó dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, yàrá kan, tábìlì kan, ọwọ́ tó ń fọwọ́ síwèé. Ó ní kí n bá òun wá fọ́tò àwọn ọ̀gá náà, èyí tí ojú wọn hàn kedere, torí òun fẹ́ ya ojú wọn bó ṣe rí, òun kò fẹ́ kí wọ́n jọ òǹrorò inú kàtúùnù. Kí a tó dé Peckham, mo ti wá mẹ́rin jáde lórí fóònù mi: Gowon nínú aṣọ ológun, Ojúkwu pẹ̀lú irùngbọ̀n, Wilson pẹ̀lú páìpù tábà rẹ̀, àti Awólọ́wọ̀ pẹ̀lú fìlà àti awò ojú.